Tony Rice: ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo, oríṣiríṣi orin. Ibo ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Onígìtá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onígìtá inú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ Tony Rice, onígìtá ará Amẹ́ríkà, ni mo gbé wá. Tí èèyàn bá gbọ́ àwo tó ṣe pẹ̀lú J.D. Crowe, onibáńjò, ní 1975, bluegrass (orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ohun èlò olókùn ṣe) pọ́ńbélé ni: báńjò ń sáré, ohùn àwọn akọrin ń lọ sókè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun náà ló tún wà nínú àwo David Grisman, onímáńdólìnì, tó ń ta kọ́ọ̀dù (nóòtì mélòó kan tó ń dún pọ̀) tó sún mọ́ jáàsì, tí ẹnikẹ́ni ò sì kọrin. Nígbà tó di 1983, ó jókòó ti gìtá rẹ̀, ó ṣe àwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan látòkèdélẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo rẹ̀, nóòtì mẹ́ta ò tíì ní dún tán tí etí á ti mọ̀ pé òun ni.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀nà wo ló dáa jù láti tò àwọn àwo rẹ̀ tẹ̀ léra, tí èèyàn bá fẹ́ fi wọ́n kẹ́kọ̀ọ́? Kí gan-an ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣe nínú rídíìmù tó yára? Tí wọ́n bá ń fara wé e, ó máa ń dàrú di ariwo kan ṣoṣo bí orin bá ti kọjá ìró 200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kẹta, gìtá tí ihò àyà rẹ̀ fẹ̀ yẹn, ṣé òun ló fa ohùn náà? Ṣé ó yẹ kí èèyàn máa wá irú ẹ̀?

Okùn-Kẹfà

Àbúrò, ọ̀rọ̀ gidi lo gbé wá. Jẹ́ kí n ti ibi ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́, torí ìtàn yẹn ló bí ọwọ́ náà.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Danville, ìpínlẹ̀ Virginia, àmọ́ agbègbè Los Angeles ní California ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ló ti pàdé Clarence White, onígìtá bluegrass, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ṣáájú ìgbà Clarence àti Doc Watson, onígìtá mìíràn, iṣẹ́ gìtá nínú bluegrass kì í sábà ju kó máa ti orin lẹ́yìn lọ: béèsì, kọ́ọ̀dù, gbólóhùn kúkúrú kan tí olórin bá fẹ́ mí. Doc mú orin fídùlù, ó tò ó sórí gìtá nóòtì kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ tónítóní. Clarence ní tirẹ̀ á dákẹ́ níbi tí etí ti ń retí ohùn, á wá sọ nóòtì sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ojúkojú ni Rice ti rí èyí, kì í ṣe inú àwo nìkan.

Ní 1970 ó kó lọ sí Kentucky, ó bá ẹgbẹ́ Bluegrass Alliance ṣeré ní Louisville. Nígbà tó di 1971 ó dara pọ̀ mọ́ J.D. Crowe. Ibí yìí ni kó o fọkàn sí o. Crowe ò gba gbẹ̀rẹ́ rárá nídìí àkókò orin. Ilé ìtura kan ní Lexington ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré, ọ̀pọ̀ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún bíi mẹ́rin ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńjò tó tọ́ bí okùn tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, bó ṣe ń ta gìtá ò ní dà bíi tàná mọ́. Èso rẹ̀ ni àwo 1975, èyí tí àwọn olólùfẹ́ bluegrass ń fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ Rounder pè, 0044. Ricky Skaggs, Jerry Douglas àti Bobby Slone ló kù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọn ò pẹ́ lápapọ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, Rice ti lọ sọ́dọ̀ David Grisman ní California.

Lọ́dọ̀ Grisman, kò sí báńjò, kò sí orin ẹnu, kọ́ọ̀dù mẹ́ta G, C àti D ò sì tó ohun tí èèyàn ń jẹ nídìí orin mọ́. Rice ní láti jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó kọ́ọ̀dù jọ láti ìpìlẹ̀, John Carlini tó mọ ẹ̀kọ́ orin dáadáa sì wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Àwo ẹgbẹ́ náà jáde ní 1977. Tó o bá fetí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ pé ọwọ́ òsì ti kọ́ èdè tuntun, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún kò kúrò ní ilé Crowe.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó fi bluegrass sílẹ̀ lọ sí jáàsì, tó wá padà wálé. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wo àwọn ọdún wọ̀nyí: ní 1979 ó ṣe Manzanita, orin ẹnu pẹ̀lú àwọn ohun èlò bluegrass, àmọ́ kò sí báńjò ńbẹ̀. Ní 1980 òun àti Skaggs ṣe àwo ẹlẹ́ni-méjì, gìtá kan, máńdólìnì kan, ohùn méjì, bí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ayé àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́. Ní 1981 òun, Crowe, Doyle Lawson, Bobby Hicks àti Todd Phillips bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo Bluegrass Album Band jáde, bluegrass àtijọ́ láìfi omi lú u. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ẹgbẹ́ tirẹ̀, Tony Rice Unit, ń ṣe Mar West, Still Inside àti Backwaters, tí orin jáàsì pọ́ńbélé wà nínú wọn. Ìgbà kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tún fi ìfẹ́ tó ní sí orin Gordon Lightfoot, olórin ará Kánádà, kún un; ó kọ èyí tó pọ̀ nínú wọn débi pé wọ́n kó wọn jọ sínú odindi àwo kan ní 1996.

Bó ṣe yẹ kó o tò wọ́n: bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0044, àmọ́ má gbọ́ sólò rẹ̀ (ibi tí òun nìkan ti ń ta orin síwájú) rárá fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbọ́ gìtá lábẹ́ báńjò nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sórí àwo Skaggs àti Rice, torí ohun èlò méjì péré ló wà ńbẹ̀, kò sí béèsì tó máa bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, Church Street Blues ti 1983. Ìgbà yẹn lo tó lè wọ ọ̀dọ̀ Grisman, kí Backwaters gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi Backwaters bẹ̀rẹ̀ á máa kó ìka kiri lórí fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) láìmọ ohun tó gbé ìka náà dúró.

Ní 1994 àìsàn iṣan ọ̀nà ọ̀fun gba ohùn orin lẹ́nu rẹ̀, kò sì kọrin mọ́ lórí ìtàgé. Gìtá ló kù, ó sì ta á fún ọ̀pọ̀ ọdún síwájú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, nígbà tí IBMA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníbluegrass, fi orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ọlá wọn ní Raleigh, ó fi ohùn tòótọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú èrò, inú gbọ̀ngàn náà sì mì. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2020 ló kú ní North Carolina. Olórin ńlá ni, ó dun gbogbo wa.

Béèsì-Ilé

Ẹ̀gbọ́n Okùn-Kẹfà ti tú ìtàn palẹ̀, ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kí n gba ti rídíìmù, torí ibẹ̀ ni ariwo tí àbúrò wa ń sọ ti ń wá.

Bluegrass ò ní onílù. Iṣẹ́ onílù, mẹ́ta ló pín in: nínú òǹkà mẹ́rin, béèsì ni ó ni ení àti ẹ̀ta, máńdólìnì ń gé kọ́ọ̀dù ní èjì àti ẹ̀rin, gìtá ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ni pé gìtá á ta okùn ìsàlẹ̀ kan ní ení, á fọ́n kọ́ọ̀dù ní èjì, okùn ìsàlẹ̀ mìíràn ní ẹ̀ta, kọ́ọ̀dù ní ẹ̀rin. Ohun tó ń ba á jẹ́ ni pé tí ọwọ́ bá dé èjì, á gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú agbára. Okùn kẹfà àti ìkarùn-ún, àwọn tó nípọn jù, á tún dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gun béèsì lórí, wọ́n á bo máńdólìnì mọ́lẹ̀. Níbi tí orin ti yára, àlàfo tí ohùn yẹn á fi kú ò sí mọ́, ó di ariwo. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ lọ́ra, okùn tó ń dún ló pọ̀ jù.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Mú kọ́ọ̀dù G. Ta okùn kẹfà ní ení sísàlẹ̀, òun nìkan. Ní èjì, jẹ́ kí pick (ohun pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn) kan okùn kẹta, ìkejì àti ìkíní nìkan, sísàlẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń padà lọ sókè, okùn ìkíní àti ìkejì ni kó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn, kò gbọdọ̀ dún ju ìdajì èyí tó lọ sísàlẹ̀. Ní ẹ̀ta, okùn kẹrin lófìfo, láìfi ìka òsì tẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí pick kọjá okùn ìkíní ju nǹkan bí ínṣì kan lọ kó tó padà. Àyíká tó fẹ̀ ló ń jẹ́ kí iṣan apá gan nígbà tí orin bá yára.

Metronome, ẹ̀rọ tó ń lu àkókò orin: má ṣe jẹ́ kó máa lu ení. Tún un ṣe sí 60, kó o wá ka ìró kọ̀ọ̀kan sí èjì àti ẹ̀rin, bíi pé máńdólìnì ló ń gé e. Orin náà á wà ní 120 nìyẹn. Fi 4 kún un lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá dé ibi tí èjìká ti ń gbé sókè fúnra rẹ̀, fi 8 dín in, kó o dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tí metronome bá dé 110 báyìí, 220 lorin ń lọ, bluegrass tó yára nìyẹn. Tó bá ṣòro fún ọ láti gbọ́ ìró náà sí èjì àti ẹ̀rin, tó ń fà ọ́ padà sí ení, àìlera àkókò rẹ nìyẹn gan-an, òun sì ni Crowe wò sàn lára Rice.

Nígbà tí èyí bá ti dúró, ni wàá tó gbọ́ ohun tí Rice ń ṣe. Kì í jókòó sínú béèsì-kọ́ọ̀dù béèsì-kọ́ọ̀dù fún ìgbà pípẹ́. Á máa ti ìró tó wúwo bọ sí àárín, sí “àti” tó wà láàárín òǹkà. Kíkà rẹ̀ ni: ení-àti-èjì-àti-ẹ̀ta-àti-ẹ̀rin-àti. Gbìyànjú èyí: okùn kẹfà sísàlẹ̀ ní ení, kọ́ọ̀dù sísàlẹ̀ ní èjì, kó fúyẹ́ lọ sókè ní “àti” tó tẹ̀ lé e, ní ẹ̀ta, jẹ́ kí ọwọ́ lọ sísàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìkan okùn, ní “àti” ẹ̀ta, fa okùn mẹ́ta òkè sókè kó le, kọ́ọ̀dù sísàlẹ̀ ní ẹ̀rin. Ọwọ́ ò dúró níbì kankan, ó kàn kọ̀ láti fọwọ́ kan okùn lẹ́ẹ̀kan ni. Ibi tí ọwọ́ ti lọ sínú afẹ́fẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá dá ọwọ́ dúró ní ẹ̀ta á pẹ́ dé “àti”, orin á sì fà.

Ọ̀rọ̀ G-run náà nìyí, gbólóhùn tí Lester Flatt sọ di àmì ìdánimọ̀ gìtá bluegrass, torí ọwọ́ kan náà ló ń ta á. Ní sol-fa: d r ma m s l d (ma ni m tó rẹlẹ̀ díẹ̀). Lórí gìtá: okùn kẹfà ní fret 3, okùn karùn-ún lófìfo, fret 1, fret 2, okùn kẹrin lófìfo, fret 2, okùn kẹta lófìfo. Láti ení títí dé ẹ̀rin ni. Ta d sísàlẹ̀, r sókè, ma sísàlẹ̀ ní èjì. M yẹn, ìka òsì ló máa lu okùn láìta á, ọwọ́ ọ̀tún á sì lọ sókè láìkan okùn. S sísàlẹ̀ ní ẹ̀ta, l sókè, d sísàlẹ̀ ní ẹ̀rin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé lẹ́yìn m tí ìka lù, ọwọ́ ọ̀tún á ṣì wà nísàlẹ̀, á wá ta s sókè. Gbogbo rẹ̀ á yí padà látibẹ̀, d ìkẹyìn á bọ́ sórí títa sókè, á sì rọ. Rice á fi nóòtì “ta” (t tó rẹlẹ̀ díẹ̀) kún un, á sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀, á gé e kúrò lójú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ kọ́ èyí tó tọ́ ná.

Ohùn-Igi

Ẹ jẹ́ kí n gba ti gìtá, torí àròsọ pọ̀ nídìí ẹ̀.

Gìtá D-28 ti ilé iṣẹ́ Martin ni, ọdún 1935, nọ́ńbà ara rẹ̀ 58957. Ọwọ́ Clarence White ló ti wà tẹ́lẹ̀. Clarence jọ̀wọ́ rẹ̀, Rice sì wá a rí lọ́dọ̀ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra á ní 1975 ní dọ́là 550. Wọ́n ti gbẹ́ ihò àyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dé ọwọ́ Rice, ọrùn rẹ̀ sì ní pákó ìka mìíràn tí kò ní àmì kankan lójú. Ní oṣù Kẹta 1993, ìjì ńlá gbé omi òkun wọ ilé Rice ní Florida, gìtá yẹn sì wọ inú omi. Wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ni ihò tó fẹ̀ ń ṣe? Afẹ́fẹ́ inú gìtá ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń ró sí, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò. Ihò tó bá fẹ̀, ohùn yẹn á gòkè. Nínú D-28 tí ihò rẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 4, ìró béèsì máa ń kún, ó ń gbọ̀n wìnnì-wìnnì. Bí o bá fẹ̀ ẹ́, ìkún yẹn á dín, ohùn àárín á sì hàn gbangba, sólò lórí okùn kẹrin àti ìkẹta á gé bọ́ síta dáadáa lójú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ohun tó o pàdánù ni ìwúwo ìsàlẹ̀ tí rídíìmù nílò nígbà tí kò sí ẹ̀rọ. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbẹ́ ihò gìtá rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní àtúnṣe ni. Igi tó ti lọ, ó ti lọ, ó sì lè gé àwọn ọ̀pá igi tó gbé àyà gìtá ró lábẹ́. Santa Cruz Guitar Company ń ṣe irú rẹ̀ lórúkọ Tony Rice, tí wọ́n ti ro ọ̀pá igi yẹn pọ̀ mọ́ ihò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fa ohùn rẹ̀ ju ihò lọ ni gíga okùn. Okùn Rice sún mọ́ fret gan-an, débi pé ẹni tó bá gbá a bó ṣe ń gbá ti ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ á máa ké bíi kòkòrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ìró tó o rò pé ó le, bí pick ṣe kan okùn ló fà á, kì í ṣe agbára apá. Okùn tó lò ò tín-ínrín rárá: èyí tó fi orúkọ rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ Martin jẹ́ monel, .013 dé .056. Monel jẹ́ nickel àti bàbà, kì í dán yanran bíi bronze tuntun, ó sì ń pẹ́ kó tó kú.

Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, má bẹ̀rẹ̀ látorí gíga okùn tirẹ̀. Ní fret 12, kí okùn kẹfà ga tó mm 2.4 sí 2.8, okùn ìkíní ní nǹkan bíi mm 1.6 sí 2. Kí ọrùn ní ìtẹ̀ díẹ̀, mm 0.1 sí 0.2 ní àárín. Tó o bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fret gbọ́dọ̀ ti tẹ́jú lọ́wọ́ oníṣẹ́ ná, torí fret kan tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ á pa nóòtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́jú ìrinmi afẹ́fẹ́ yàrá sí 45 sí 50 nínú 100. Bí ibẹ̀ bá gbẹ jù, àyà gìtá á rì, okùn á sún mọ́ fret fúnra rẹ̀, wàá máa bú oníṣẹ́ láìmọ̀dí.

Pick rẹ̀ jẹ́ ti igbá ìjàpá òkun, èyí tí òfin àgbáyé ti fòfin de òwò rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lónìí ni pick BlueChip. Nọ́ńbà 55 tó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí ìdá 55 nínú 1,000 ínṣì, bíi mm 1.4. Pick tó tín-ínrín á tẹ̀, á sì pẹ́ kó tó kúrò lára okùn. Tó bá yára, ìpẹ́ kékeré yẹn á hàn.

Ọmọ_Onígìtá

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ okùn mẹ́ta péré ní èjì yẹn nìkan ti la ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó ku méjì: cross-picking (títa okùn mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan léraléra) inú Church Street Blues, ṣé sísàlẹ̀-sísàlẹ̀-sókè ni kí èèyàn kọ́ ọ ni, àbí kó máa pààrọ̀ sísàlẹ̀-sókè láìyà? Kọ́ọ̀dù tó kọ́ lọ́dọ̀ Grisman ńkọ́, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Béèsì-Ilé

Lórí cross-picking, ti George Shuffler tó bá àwọn Stanley Brothers ṣeré ni mo fara mọ́: sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sókè. Okùn kẹta, ìkejì, ìkíní, ìkẹta, ìkejì, ìkíní, ìkẹta, ìkejì. Mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, mẹ́jọ ní bar kan (òǹkà ení dé ẹ̀rin kan). Ìró tó wúwo máa ń bọ́ sórí nóòtì ìkíní, ìkẹrin àti ìkeje, gbogbo wọn á sì jẹ́ títa sísàlẹ̀. Ohùn á kún, ó tún yé etí. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ láìyà, nóòtì ìkẹrin yẹn á bọ́ sórí títa sókè, kì í sì wúwo tó.

Okùn-Kẹfà

Òótọ́ ni Béèsì-Ilé sọ lórí ìwúwo, mi ò bá a jà. Àmọ́ ibi tí mo ti yà sí i ni pé títa yẹn ò bára dọ́gba pẹ̀lú ọwọ́ rídíìmù. Ọwọ́ rídíìmù ń lọ sísàlẹ̀ ní òǹkà, ó ń lọ sókè ní “àti”. Tó o bá ń ti inú orin fídùlù bọ́ sínú cross-picking, tó o tún ń padà, sísàlẹ̀ méjì léraléra á já ọ̀nà náà. Fún ẹni tó fẹ́ lọ láti inú orin kan sí òmíràn bíi Rice, kó kọ́ ìpààrọ̀ ná. Ìwúwo nóòtì ìkẹrin yẹn ṣeé wò sàn: metronome sí 50, nóòtì méjì fún ìró kan, kó o ta okùn kẹta lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láìkúrò níbẹ̀, kó o máa tẹ ìkíní, ìkẹrin, ìkeje mọ́lẹ̀. Nígbà tí títa sókè bá ti lè dún bíi ti sísàlẹ̀ lórí okùn kan, ni kó o tó tàn án sórí mẹ́ta. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á tàn án kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́. Tún ṣọ́ra kí pick má rì wọ àárín okùn jù. Bí orí rẹ̀ bá kọjá okùn ju mm 2 lọ, títa sókè á máa há.

Ti kọ́ọ̀dù, mú mẹ́ta yìí ní kíì G, láti okùn kẹfà dé ìkíní, x ni èyí tí kò gbọdọ̀ dún. Am9: 5 x 5 5 5 7. D13: x 5 4 5 5 7. G6/9: x 2 2 2 3 3. Wò ó pé okùn ìkíní ò kúrò ní fret 7 láti èkíní sí èkejì, okùn kẹta àti ìkejì náà ò kúrò ní 5. Okùn kẹrin nìkan ló sọ̀kalẹ̀ láti 5 sí 4, béèsì sì bọ́ sórí D. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà: kọ́ọ̀dù yí padà, ìka ò sáré. G6/9 yẹn ò ní G nísàlẹ̀, B ló wà ńbẹ̀, torí onibéèsì ló ni G. Nínú ẹgbẹ́ tí béèsì ti ń ta ìpìlẹ̀, gìtá tó tún tẹ̀ ẹ́ ń fi ààyè ṣòfò ni.

Nínú Am9, okùn karùn-ún ni wàhálà. Fi orí ìka tó tẹ okùn kẹfà fọwọ́ kan án díẹ̀ kó má dún. Bó bá dún, A lófìfo ni, kò ní ba kọ́ọ̀dù jẹ́ níbí, àmọ́ nígbà tó o bá gbé àwòrán yẹn lọ sórí fret mìíràn, á ba á jẹ́ pátápátá, nítorí náà, kọ́ bó ṣe ń dákẹ́ láti ìsinsìnyí. Ka ení sí ẹ̀rin, Am9 bar kan, D13 bar kan, G6/9 bar méjì, kó o lo ọwọ́ rídíìmù tí Béèsì-Ilé kọ́ ọ, pẹ̀lú “àti” ẹ̀ta tó wúwo yẹn, láìyí nǹkan kan padà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí o bá gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹgbẹ́ Grisman, wàá rí i pé ọwọ́ òsì nìkan ló yí.

Ohùn-Igi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún ti Am9 yẹn. Bí G tó wà ní fret 5 okùn kẹrin bá ń dún gíga díẹ̀ ju G okùn kẹta lófìfo lọ, kì í ṣe ìka rẹ. Yálà okùn ti gbó, tàbí egungun afárá gìtá ò tẹ́ síbi tó yẹ. Pààrọ̀ okùn ná kó o tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́.